Ẹṣin Funfun Tí Mo Fi Ọ̀dà Pa Rẹ́

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Ajégúnlẹ̀, àìsàn yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ inú ibojì. Èmi, Túnbọ̀sún Kọ̀yà, alága ìgbìmọ̀ ilé ìjọ, ni mo ba orúkọ Morádéún, ayàwòrán ìjọ wa, jẹ́.

Àwa ni a ní kí ó ya ẹṣin funfun inú Ìwé Ìfihàn sí ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tí ó kọjú sí títì. Ní ọjọ́ tí ó ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀, gbogbo ènìyàn rọ́ wá wò ó. Àwọn awakọ̀ àjàgbé tí ń bọ̀ láti Àpápá kò fọn fèrè mọ́. Mo ṣí fìlà láìmọ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹranko náà ń mí, pé ògiri nìkan ni kò jẹ́ kí ó jáde sí títì. Gàárì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.

Níbẹ̀ ni ojúkòkòrò ti wọ̀ mí. Nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ẹni tí a bá gbé gun ẹṣin, a ti fi iyì ayérayé fún un nìyẹn, bí kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kan ẹṣin rí. Bàbá mi tí ó dá ìjọ yìí sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́ ní Wharf Road títí ó fi kú. Síbẹ̀ mo ní kí Morádéún gbé e ka orí gàárì náà. Ó kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Olúwa ni mo fi àyè yẹn sílẹ̀ dè. Kẹ̀kẹ́ bàbá wa náà níyì ní tirẹ̀."

Èmi tí ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, kí ni mo ṣe? Mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹṣin tí olúwa rẹ̀ kò sí lórí rẹ̀, ẹṣin òkú ni. Pé ikú olùṣọ́-àgùntàn wa ni obìnrin náà yà. Nígbà tí olùṣọ́-àgùntàn sì dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ pe Morádéún síwájú ìjọ. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Kọ̀yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí mo sọ fún yín."

Mo dìde. Mo wí pé kò bá mi sọ ohunkóhun.

Ẹ lé e jáde bí àjẹ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kun ẹṣin náà ní ọ̀dà. Nígbà tí mo dé ojú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo ń pa ojú ẹni tí kò tíì kú dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi orúkọ alààyè ra oyè fún òkú yín. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sí etí gbogbo ìjọ. Ẹ lọ bá Morádéún ní Liverpool Road ní Àpápá, níbi tí ó ti ń kọ orúkọ sí ara ọkọ̀ àjàgbé. Ẹ sọ fún un pé aláìlẹ́ṣẹ̀ ni, kí ẹ sì mú un padà sí àyè rẹ̀. Ní tèmi, àforíjì ni mo ń tọrọ. Bí kò bá lè fi fún mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀ ẹ́ nítorí pé mo ti kú.