Ilẹ̀kùn Méjì Kò Gba Ọmọ Mi

Ilẹ̀kùn méjì, ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀kùn méjì péré ló wà lára ọkọ̀ tí àbúrò yín, baba ọmọ mi, gbé wálé, tí gbogbo àdúgbò ń kí mi kú oríire, tí èmi náà ń dáhùn pé ẹ ṣeun, a dúpẹ́, tí inú mi sì ń gbẹ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ẹ má tíì ní kí n fara balẹ̀. Mo ti fara balẹ̀ títí, ara ọ̀hún ò ríbi balẹ̀ sí mọ́.

Ta la torí ẹ̀ ra ọkọ̀? Ṣebí ọmọ yìí ni. Ọmọ tí wọ́n fi nǹkan funfun tó le bíi símẹ́ńtì dì láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, tí itan rẹ̀ méjèèjì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tó gun ẹṣin, kí egungun ìbàdí rẹ̀ lè jókòó síbi tó yẹ. Mi ò lè pọ̀n ọ́n. Mi ò lè gbé e wọ bọ́ọ̀sì, àwọn èrò á máa kọlu ẹsẹ̀ rẹ̀. Onítakisí á wò ó, á ní òun ò fẹ́ wàhálà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ta maṣín-ìránṣọ mi, tí àbúrò yín fi tirẹ̀ lé e. Mo ní kó ra ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí gbayawu, tí kò ní máa mu epo jù, tí mekáníìkì ẹ̀gbẹ́ ilé wa mọ inú rẹ̀. Kí ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo béèrè?

Ó sì rí i o. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rin, búùtù rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ó jọ ọkọ̀ tí àwọn arúgbó fi ń lọ síbi ìsìnkú. Ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi. Ló bá gbé pupa yìí, tó lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tó ń dọdẹ eku, tí ikùn rẹ̀ ń ha ilẹ̀ níbikíbi tí títì bá ti ga díẹ̀. Mekáníìkì wo táyà rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ìyá ọmọ, ọ̀nà jíjìn lẹ óò ti máa ra èyí o." Epo tó ń mu, àfi bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Bóyá kò sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún yín. A fẹ́ lọ sí ọsibítù. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ ìjókòó iwájú síwájú kí ẹnikẹ́ni tó lè dé ẹ̀yìn, mo bá ká ara mi jọ wọlé, ó na ọmọ sí mi. Orí wọlé, ẹsẹ̀ ò wọlé. A yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, a dojú rẹ̀ délẹ̀, bí àwọn tó ń gbé tábìlì wọ yàrá. A gbé e síwájú, ẹsẹ̀ kan gun jíà, èkejì ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn padé. Ó ní kí n rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dún kà.

Ọkọ̀ búrẹ́dì ló padà gbé wa lọ. Ará ilé kejì tó ń gbé búrẹ́dì kiri ṣàánú wa, ọmọ yín dé ọsibítù láàárín búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ yẹ nǹkan funfun náà wò níbi ìbàdí rẹ̀, ó ní ó ti sán, wọ́n tún lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ó ní bó bá tún sán, àwọn á tú gbogbo rẹ̀, àwọn á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè di ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ, lára ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn.

Ẹni tó tà á ti gbà pé òun á fi aláwọ̀ eérú yẹn pààrọ̀ rẹ̀, láìfi nǹkan kan lé e, títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò yín. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ẹ̀."

Ẹ má gbójú kúrò. Ẹ̀yin lẹ gbọ́wọ́ lé ọkọ̀ náà lórí tí ó yà yín ní fọ́tò. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọmọ ilé yín ti wá gun ohun tó ń jẹ́ ọkọ̀. Látìgbà náà ló ti di adití. Mi ò bá yín jà, ta ni mí? Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, ohùn yín nìkan ló máa ń wọ etí rẹ̀.

Kí lẹ wí? Pé wọ́n á tú ẹsẹ̀ ọmọ láìpẹ́, ọkọ̀ á sì wà? Oṣù mélòó ni láìpẹ́ yín? Ọjọ́ Ajé la tún ń padà lọ, ẹlẹ́búrẹ́dì kì í sì í jáde lọ́jọ́ Ajé.

Àbúrò yín ló ń tẹ họ́ọ̀nù níta yẹn, ó fẹ́ gbé yín relé. Ẹ má jókòó síwájú lónìí. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yìn lẹ fẹ́, ẹ̀yin àti ọmọ. Ẹ gbà á. Ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí, ọwọ́ kan lẹ́yìn, ẹ má fọwọ́ kan ibi tó sán. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ lọ bá mi gbé e wọnú ọkọ̀.