Kí Ojú Òsì Tó Lọ

Àwọn obìnrin méjì kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ni wọ́n jókòó tì mí nínú takisí láti Ọyẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, ìrìn àjò Káírò ni wọ́n sì ń jíròrò.

Àbúrò di fóònù mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sún un sí ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde. Tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù á ti wálẹ̀ nígbà yẹn, a ó sì ríbi tí ò wọ́n sùn sí."

"Inṣọ́ránsì ńkọ́?"

"Wọ́n á gbà yín, àmọ́ wọn ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ojú. Wọ́n ní àìsàn tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ojú ọ̀tún ti fọ́. Dókítà ní òsì náà ò ní pẹ́ mọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Ìsàn, èmi ni mò ń ya odò Náìlì sójú pátákó fún wọn. Mi ò rí i rí."

"Mo mọ̀. Owó ni mò ń rò. Tá a bá lè ní sùúrù di ẹ̀yìn Àjíǹde..."

"Tó bá di ẹ̀yìn Àjíǹde, kí ni mo fẹ́ fi wò ó?"

Bó ṣe sọ ọ́ ló dùn mí jù, bí ẹni tó ń béèrè ibi tí wọ́n gbé ṣíbí sí. Àbúrò rẹ̀ kọjú síta títí a fi dé Ìkọ̀lé, ó ń fi etí ìborùn nu ojú.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú kọjá gọ́tà. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé, "Ẹ gbẹ́sẹ̀ ga díẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ti oṣù yìí la máa gbà."