Ẹ Má Tú Pẹpẹ Ìwé Ìfẹ́ Yẹn Ká

Ẹ̀yin alága wa àti màmá, ìyàwó wọn, tó jókòó tì wọ́n, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ará ilé ìkàwé, ẹ̀yin tó jẹ́ pé jíjẹ mímu lẹ bá wá, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ̀yìn tì lónìí, ẹnu mi ò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí: alága ní ká kó pẹpẹ ìwé ìfẹ́ ayé àtijọ́ kúrò lọ́la. Wọ́n ní kò sí àgbàlagbà kankan tó ń kà á.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọṣẹ́, àmọ́ ẹ ò mọ ìfẹ́! Bí ẹnì kan bá ka ìtàn ìfẹ́ alápá méje tán, tójú ẹ̀ wá dà bíi tẹni tí àfẹ́sọ́nà já kulẹ̀, tó ní ká wá òmíràn tó jọ ọ́, ẹ̀yin á fún un ní ìwé tó ní ọba àti ogun kan náà. Èmi á gba èyí tó kà tán, màá wo ibi tó ká etí ojú ewé sí. Ibẹ̀ lọkàn ẹ̀ wà.

Bàbá kan wà. Bí wọ́n bá wá yá ìtàn alápá méje yẹn, wọ́n á wọ̀tún wòsì, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi ló rán mi." Nígbà tí apá keje tán, wọ́n ní ogun inú ẹ̀ ni ìyàwó àwọn fẹ́ràn. Mo fún wọn ní ti ogun, wọ́n dá a padà lọ́jọ́ kejì. Mo bá yẹ apá keje wò: ibi tí ọmọbìnrin inú ìtàn náà ti ń dúró de ọkọ ẹ̀ ní èbúté nìkan ni wọ́n ká! Mo wá fún wọn ní ìtàn alágbẹ̀dẹ àti opó kan tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ara wọn lójú fèrèsé. Áà! Wọn ò dá ìyẹn padà mọ́, wọ́n ní ó sọnù.

Ta ni bàbá yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo alága. Mo ní ẹ má wò wọ́n! Ẹ̀fín nìwà, rírú ló ń rú.

Màmá, ṣé ẹ rán wọn níwèé rí? Ẹ gbọ́ o! Màmá ní àwọn ò ránṣẹ́ kankan, pé àṣé ohun tí ọkọ àwọn ń sunkún sí nílé ìwẹ̀ nìyẹn!

Alága ti dìde. Wọ́n ní kí pẹpẹ dúró. Wọ́n tún ní kí n jókòó.

Mo ti ń jókòó, sà. Àmọ́ màmá ń na ọwọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ apá kìíní ìtàn alápá méje náà, kí ọkọ àwọn máa kà á sí àwọn létí lálẹ́. Ẹ wo alága, wọ́n ń nu ojú!

Olúwa ò ní jẹ́ ká nífẹ̀ẹ́ ká máa lọ fi pamọ́ sílé ìwẹ̀. Ẹ óò rí ẹni bá yín kà á. Ẹ ṣé o.