Ọmọ Tíṣà Tó Gbá Bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà

Nínú mọ́tò Akanran láàárọ̀ Sátidé ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti màmá kan tí wọ́n jọ ń lọ wo oko ìjọ wọn.

"Ọmọ mi náà ti fẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́jọ gbáko!"

"Ẹ kú oríire, Tíṣà. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá yẹn? Ẹ̀ẹ̀melòó ló gbé e wọlé?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Lọ́dún mẹ́jọ? Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Òun ló ń sá ṣíwájú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, tó ń fi èjìká bi àwọn tó dínà ṣubú. Màmá, ẹ ṣáà mọ ọ̀nà oko láàárọ̀. Ẹni tó ṣíwájú ni ìrì ń pa, ẹni tó wà lẹ́yìn á gbẹ dóko. Ọmọ mi ni ìrì ń pa nítorí gbogbo wọn!"

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko, mo yọjú lójú fèrèsé. Koríko ga dé orúnkún, ó tutù rinrin. Màmá ká ìró wọn sókè, wọ́n wo ṣòkòtò funfun tí Tíṣà wọ̀, wọ́n sì rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ máa ṣíwájú, Tíṣà. Iṣẹ́ ìdílé yín ni."