Gìgísẹ̀ Tó Dá Kẹ̀kẹ́ Mi Dúró

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn dé iwájú pẹpẹ yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi sọ fún un pé ó ṣeun. Bàbá Wòlíì, mo kí yín o, sà. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ aládùúrà, mo kí gbogbo yín. Màmá mi tó jókòó sí ìlà kejì lọ́hùn-ún, ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu mi láàárọ̀ yìí, ẹ má dìde títí n ó fi parí.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí. Èmi ni Gbóyèga ọmọ Bẹyẹrúnkà, tí ẹ máa ń rí tó ń sáré gba Ọjà'ba kọjá láàárọ̀ nígbà tí àwọn oníṣòwò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́ ọjà wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé, "Gbóyèga, ta ló ń lé ẹ?" Èmi náà á ní, "Ẹ kú ọjà o, mi ò tíì rí ojú ẹ̀." Mà á gun àtẹ̀gùn Màpó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mà á sọ̀ kalẹ̀ gba Kúdẹtì, mà á sì padà sílé kí ògì màmá mi tó jinná.

Eré tí mo ń sá, ẹ̀ka mẹ́ta ló ní. A ó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́. Bí a bá ti jáde nínú omi, a ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, kì í ṣe lójú títì o, inú igbó ni, lórí òkúta, nínú ẹrọ̀fọ̀. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, a ó wá fẹsẹ̀ sáré. Kò sí ìsinmi láàárín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá mi, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Kí lẹ ṣe tí wọ́n fi ń fi irú ìyà yìí jẹ yín?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń wa lọ́rì kò tiẹ̀ bá mi ṣàwàdà ní tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá ni wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Tí ọdún yìí bá parí tí ẹnikẹ́ni ò gbà ẹ́ síṣẹ́ lórí eré ọ̀hún, o ó kó ẹrù ẹ, o ó wá máa tẹ̀ lé mi lọ́kọ̀." Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mi ò lè bá wọn jiyàn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ìdíje mẹ́rin la ní lọ́dún náà. Nínú àkọ́kọ́, táyà mi lu. Nínú ìkejì, ibà ló ń gùn mí bí èmi náà ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Nínú ìkẹta, mo ṣìnà sínú oko àgbàdo, àgbẹ̀ kan ló mú mi jáde, ó tún fún mi ní àgbàdo méjì. Ó wá ku ìkẹrin, èyí tí a fẹ́ sá nítòsí Ìbàdàn níbí, létí adágún omi kan. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ti sọ pé ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ làwọn máa gbà sínú kíláàbù àwọn, kí wọ́n máa fi eré náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Bí mi ò bá sí nínú mẹ́ta yẹn, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dúró dè mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Ràfíù, ọmọ Mùsùlùmí ni, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Bẹẹrẹ. Òun náà ń sá eré yìí. Òun ló to kẹ̀kẹ́ mi jọ látinú kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tó ti kú. Kó ṣeé ṣe fún mi ló ń wá, kó tún ṣeé ṣe fún òun náà.

Màmá mi kì í fi ọ̀rọ̀ mi ṣeré. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbààwẹ̀ nítorí ìdíje yẹn. Bàbá Wòlíì gbàdúrà sí òróró fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi kan iwájú orí mi. Ẹ gbọ́ o, iwájú orí ni Bàbá Wòlíì wí. Ṣùgbọ́n màmá mi rò ó pé orí Gbóyèga nìkan kọ́ ló ń lọ síbi eré, kẹ̀kẹ́ náà ń lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ tí mo lọ gẹ irun, wọ́n gbé ìgò òróró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjókòó. Wọ́n fi pa ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n fi pa ṣéènì. Nígbà tó ku díẹ̀, wọ́n dà á sára àkísà, wọ́n fi nu rìmù yípo, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n sì ń ka sáàmù lọ. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi lẹ́yìn náà, tẹ̀rín tẹ̀rín.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ kẹ̀kẹ́, rìmù ni irin róbótó tí táyà wọ̀ sí. Òun náà ni rọ́bà bíréèkì máa ń dì mú kí kẹ̀kẹ́ tó lè dúró. Bí òróró bá wà níbẹ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi epo pa ọwọ́ tó wá fẹ́ mú ẹja.

Láàárọ̀ Sátidé, mo rí kẹ̀kẹ́ tó ń dán. Mo rò pé Ràfíù ló nù ún. Ràfíù rí i, ó rò pé èmi ni. Oníkálukú ń yin ẹnì kejì nínú ọkàn ẹ̀. Lọ́rì ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé wa lọ, torí wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí òpin ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gun kẹ̀kẹ́ ọ̀hún wò.

A bọ́ sómi. Nígbà tí mo jáde, ẹni mẹ́jọ ló wà níwájú mi. Ọ̀nà gba òkè lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ta ló sì ń wá bíréèkì tó bá ń gun òkè? Mo lo ẹsẹ̀ tí Màpó kọ́, mo kọjá lára ẹni mẹ́ta. Inú mi ń dùn. Mo dé góńgó orí òkè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀nà yẹn yà lójijì, àpáta dúdú kan sì wà ní kọ̀rọ̀ ibẹ̀ tó tóbi tó ṣọ́ọ̀bù.

Mo fún bíréèkì. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un fún. Ńṣe ni kẹ̀kẹ́ ń sáré sí i. Mo ré kọjá lára Ràfíù, mo gbọ́ tó ń ké pé, "Gbóyèga, rọra, ṣé o fẹ́ kú ni?" Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ará, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Gbogbo sáàmù tí mo mọ̀ ló sá lọ. Orúkọ Jésù nìkan ló kù lẹ́nu mi, ìdajì ẹ̀ ni mo sì rí pè.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti rán mi létí. Ẹ̀yin ọmọ ìdí Màpó, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì la fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn. Tí a bá fẹ́ dúró, a ó ká ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, a ó fi gìgísẹ̀ tẹ táyà ẹ̀yìn. Bàtà kì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ wa. Màmá mi nà mí títí lórí ọ̀rọ̀ bàtà, wọ́n ní àgídí mi ló máa pa mí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbàgbé. Mo ká ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, mo fi tẹ táyà. Èéfín rú. Ìsàlẹ̀ bàtà jẹ tán, ó kan awọ ara mi, mi ò gbé e kúrò. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Mo yà ní kọ̀rọ̀ yẹn, èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ha àpáta ọ̀hún. Ẹ ní Halelúyà fún mi.

Ràfíù àti àwọn kan tún kọjá mi níbẹ̀, torí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo wá ń lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí a ó ti fẹsẹ̀ sáré, bàtà ọ̀tún ò ní ìsàlẹ̀ mọ́. Mo bọ́ méjèèjì sọ nù. Kóòṣì wa, ẹni tó ń kọ́ wa léré, ní, "Gbóyèga, ọ̀nà olókùúta ni o." Mo ní, "Sà, láìwọ bàtà ni mo ti ń sin Ọlọ́run láti kékeré." Ẹ̀yin ará, ẹ wo ẹsẹ̀ yín níbi tí ẹ jókòó sí. Àwa tí a ń fẹsẹ̀ lásán rìn látibí dé odò Kúdẹtì lọ́dọọdún nínú aṣọ funfun, ẹ̀kọ́ wo ni òkúta tún fẹ́ kọ́ wa?

Gìgísẹ̀ mi ń ta mí, mo ń sáré. Mo lé ẹnì kan bá, mo lé ẹlòmíì bá, títí ó fi ku ẹni méjì péré níwájú mi. Ràfíù ló ṣe ipò kejì. Èmi ni mo ṣe ìkẹta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbá mi mọ́ra, wọ́n ní, "Ó dáa, n ó wá ẹlòmíì tó máa tẹ̀ lé mi lọ́kọ̀." Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò sì tì mí.

Ràfíù ló yẹ kẹ̀kẹ́ wò. Ó fi ìka kan rìmù, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Ta ló da òróró síbí? Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?" Òórùn òróró tí màmá mi fi kan iwájú orí mi ni. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ yé mi. Mo pinnu pé n ó sọ fún màmá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, wọ́n ti ń jó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé, "Òróró yẹn ló ṣe é." Mo gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún pa mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ kan bá wọn jó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Láti ìgbà náà ni màmá mi ti gba òróró míì sínú ìgò, tí àwọn èèyàn sì ń gbé nǹkan tọ̀ wọ́n wá kí wọ́n fi pa á. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá. Ìyẹn ò burú, ẹ̀rọ ìránṣọ fẹ́ràn òróró. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń wọlé, mo rí ọkọ̀ ìjọ wa níta, èyí tó máa gbé yín lọ sórí òkè àdúrà lẹ́yìn ìsìn. Bàbá Dírẹ́bà tó ń wà á ti tú táyà iwájú sílẹ̀ kí òróró lè ráyè wọlé dé ìdí bíréèkì dáadáa, ìgò màmá mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àdúrà. Tí mo bá dákẹ́, iyì màmá mi ò ní dínkù, ṣùgbọ́n ta ni yóò ká gìgísẹ̀ sẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì? Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn.

Bàbá Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí a bá ṣe tán, ẹ jẹ́ ká jọ lọ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ mọ́.

Màmá, ẹ dárí jì mí. Àdúrà yín gbà, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Ọmọ tí ẹ gbààwẹ̀ fún ló dúró yìí. Pàṣán tí ẹ fi nà mí lórí ọ̀rọ̀ bàtà ni kò jẹ́ kí n gbàgbé ohun tó gbà mí là. Òróró yẹn nìkan ló ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì wọ́n, ṣé ẹkún ni àbí ẹ̀rín? Ẹ gbé orí wọn sókè kí n rí i. Ẹ̀rín ni. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Mo ti mú ìgò yẹn wọlé, òróró ṣì ku díẹ̀ nínú ẹ̀. Màmá, ẹ lè dìde wàyí. Ẹ máa bọ̀ níwájú ìjọ, ẹ wá fi pa gìgísẹ̀ mi yìí, níbi tí awọ ti bó. Ẹ̀yin ará, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ bá mi dìde, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ yín sókè, kí ẹ fi lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún Ọlọ́run tó dá mi dúró.