Ẹni Tó Ń Dá Àwọn Tó Fẹ́ Ra Ilé Wa Padà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó sọ ohunkóhun. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín níwájú yín láàárọ̀ yìí, òun ni mo mú ọpẹ́ wá fún.

Ewé tíì ni mò ń sè lórí sítóòfù nígbà tí fóònù dún. Kì í ṣe pé a fẹ́ mu ún o. Éjẹ́ǹtì tó ń bá wa ta ilé wa ní Olódò níbí ló ní kí n máa sè é, kí ilé lè máa ta sánsán, pé bí ẹni tó fẹ́ ra ilé bá wọlé tí òórùn tó dáa bá pàdé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Mo gbé fóònù. Éjẹ́ǹtì ní, "Ìyá Ìbùkún, àwọn èèyàn yẹn ti dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò, wọ́n tún ní àwọn ò wá mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìdí tí a fi ń ta ilé, ẹ gbọ́. Tíṣà ni ọkọ mi. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé kan ní Akínyẹlé. Ó gbìyànjú láti máa lọ kó máa bọ̀ láti Olódò, ara rẹ̀ ò gbà á. Ló bá gba yàrá kan síbẹ̀, ó ń wálé ní Fúráìdè. Ìgbà tó yá, Ìbùkún ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá rẹ̀ ní Bọ̀dá. Bí bàbá rẹ̀ bá gbé e, á máa wò mí pé kí n wá gba òun. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹ̀rín tó ń rín. A ti bẹ̀rẹ̀ ilé kékeré kan ní Akínyẹlé, àfi ká ta ti Olódò ká tó lè kan òrùlé rẹ̀.

Ilé Olódò yẹn kì í sì í ṣe ilé tí èèyàn ń fojú pa mọ́ fún. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi mọ bulọ́ọ̀kù rẹ̀, pẹ̀lú oyún Ìbùkún nínú. Gbogbo ohun tí éjẹ́ǹtì ní kí n ṣe ni mo ṣe. Mo yọ fọ́tò ìgbéyàwó wa, mo yọ gbogbo kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lára ògiri, mo kó àpò gàrí àti máṣíìnì ìránṣọ mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, torí ó ní ẹni tó fẹ́ ra ilé fẹ́ fojú inú rí ẹrù tirẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹrù tiwa. Mo gbin òdòdó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà sí ẹnu géètì. Màmá ẹgbẹ́ akọrin yá mi ní kọ́tìnì; àwọn ló ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún yẹn. Ọkọ mi ti fi ọ̀dà pupa kọ ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ sára fẹ́ǹsì nígbà tí àwọn gbájú-ẹ̀ kan fẹ́ tà á lẹ́yìn wa, nígbà tí mo lọ bímọ. Mo kun ọ̀dà funfun lé e lórí fúnra mi. Ilé yẹn ń dán. Bí mo bá kọjá níwájú rẹ̀, màá tún yíjú padà wò ó.

Síbẹ̀, bí àwọn tó fẹ́ rà á bá ti ń bọ̀, wọ́n á yí padà. Éjẹ́ǹtì ní ọwọ́ ayé ni. Ó ti kìlọ̀ fún wa látìbẹ̀rẹ̀ pé ká má sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò, a ò sì sọ. Èmi àti Ìbùkún ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, mo ń sọ pé, "Olúwa, ẹni tó ń dá wọn padà, fi hàn wá." Ìbùkún á pariwo àmín bí ẹni tó ń jà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, nǹkan kan sọ fún mi pé kí n jáde. Mo pa sítóòfù, mo fa Ìbùkún lọ́wọ́, mo gba ẹnu ọ̀nà lọ.

Alhaja ni mo bá níbẹ̀, àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa. Wọ́n gbá fèrèsé mọ́tò kan mú, wọ́n ń bá màmá àgbà kan tó wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Wọn kì í ta ilé yẹn, màmá. Mo mọ ẹni tó ni ín. Gbájú-ẹ̀ ló ń mú yín kiri." Wọ́n rí mi. "Onílé ló ń bọ̀ yìí. Ìyá Ìbùkún, wá sọ fún wọn. Ṣé ẹ ń talé ni?"

"Alhaja, a ń tà á, mà."

"Ẹ ń ta kí ni?" Alhaja bọ́ awò ojú wọn. "Ṣebí ọkọ ẹ ló bẹ̀ mí, nígbà tí o lọ bímọ, pé kí n máa bá òun ṣọ́ ọ! Gbogbo àwọn tó ń wá ni mò ń lé. Mo tiẹ̀ da omi sí ẹnì kan lára. Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n ti pa ohun tí ọkọ ẹ kọ rẹ́, mo ní àwọn olè yìí ti gbóyà. Àbí ìwọ lo pa á rẹ́?"

"Èmi ni, mà. Wọ́n ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ayé."

"Ṣé èmi wá ni ayé?"

Màmá inú mọ́tò ló bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Wọ́n ní, "Mo ti ra ilẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín. Ilé tí aládùúgbò ń báni ṣọ́ tó báyìí ni mò ń wá láti ọjọ́ yìí." Wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Alhaja ló mú wọn yí ilé ká, bí ẹni pé àwọn ló kọ́ ọ. Wọ́n fi kànga tí kì í gbẹ lọ́gbẹlẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí pọn omi kọ́ ilé yìí pẹ̀lú oyún nínú." Orí mi wú. Màmá yẹn ò sọ nǹkan kan nípa òdòdó mi, wọn ò wo kọ́tìnì. Wọ́n kàn béèrè ohun tó ń ta sánsán, mo bu ewé tíì fún wọn nínú kọ́ọ̀bù, wọ́n mu ún tán. Wọ́n wá kọjú sí Alhaja: "Ṣé ibí lẹ máa wà?" Alhaja ní, "Ibo ni mò ń lọ?"

Màmá yẹn ló ra ilé náà. Òrùlé wa ti wà lórí ilé ní Akínyẹlé, a ti kó débẹ̀, ìdílé mi ń sùn sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé ògo náà fún Ọlọ́run tó fi olùṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa tí a ò mọ̀. Alhaja náà wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fetí ara àwọn gbọ́ ohun tí mo máa sọ nípa àwọn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a kó lọ, Ìbùkún bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Ọlọ́run ti mú ọ̀tá yẹn?" Mo ní, "Ọ̀tá kankan ò sí níbẹ̀, ọmọ mi. Alhaja ni, wọ́n ń bá bàbá ẹ ṣọ́lé ni. Bọ̀dá tó máa ń wá ní Fúráìdè yẹn, bàbá ẹ nìyẹn. Òun ló máa wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, òun náà ló máa wẹ̀ ẹ́ lọ́túnla."