Ijó Màmá Ilona tí Mo Bà Jẹ́

Òtítọ́ tí mo gbé mì láti ọdún kan ó lé oṣù méjì kò dà nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n bì í síta lónìí, ẹ̀yin òbí àti ọ̀dọ́ ìjọ wa. Èmi Ìníọlá, ọmọ Florence tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Springfield Gardens, èmi tí ẹ máa ń sọ pé n kò lè pa eṣinṣin, mo ti ya ìyá àgbà kan nípá kúrò lára ọmọ-ọmọ rẹ̀, mo sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyá mi ló kọ́ mi nílé, n kò lọ sí ilé-ìwé, nítorí náà ibi tó bá ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ Màmá Ilona, ará Hungary, tó fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ijó ìbílẹ̀ wọn ní New York yìí. Rọpárọsẹ̀ ti mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n yóò máa fi ìka lu tábìlì, èmi yóò sì máa gbẹ́sẹ̀. Ó kọ́ mi ní ti agbègbè Szatmár, tí takọtabo fi ń yí bí òkòtó. Ó kọ́ mi ní ti agbègbè Kalotaszeg, tí àwọn ọkùnrin fi ń gbá bàtà wọn lójúgun. “Ọmọ yìí,” á wí, “o dákẹ́ bí ẹja, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ ń pariwo!” Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti abúlé tirẹ̀, tí obìnrin fi ń gbé ìgò lérí jó. Ìyá mi rẹ́rìn-ín: “Ìgò kan péré, Màmá? Ìyá tó bí mi ru garawa omi gun òkè Ìdànrè!” Màmá ní, “Kì í ṣe ìgò, Florence. Orúnkún ni.” Ní abúlé rẹ̀, bí gòjé bá dún, orúnkún á rọ̀ wálẹ̀. Ní abúlé òdìkejì odò, orúnkún á nà sókè. Àwọn ará òdìkejì yìí ló dáná sun ilé bàbá rẹ̀ nígbà ogun, tí wọ́n ń jó ijó wọn yìí yí i ká. Ó kọ́ mi ní méjèèjì, kí n lè mọ èyí tí n kò gbọ́dọ̀ jó.

Ìgbà náà ni Joanna dé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́fà ni kò fi yọjú, kò tilẹ̀ wá sìnkú bàbá àgbà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Màmá ní, “Omijé kọ́ ni mo fẹ́. Jó ijó abúlé wa lójú àwọn ènìyàn wa, kí n mọ̀ pé tèmi ni ọ́. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, bàtà pupa tí mo fi ń jó á sì di tìrẹ. Ìníọlá, kọ́ ọ.” Mo ní, “Ó dáa, Màmá.” Inú mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọdún mẹ́ta ni mo fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí bàtà fún mi. Omijé ọjọ́ kan ni Joanna fi gbà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi jó nínú gáréèjì. Orúnkún sókè ni mo kọ́ ọ. “Ṣé bó ṣe rí nìyí?” “Gẹ́lẹ́.” Ó ń ra máńgòrò fún mi bọ̀ láti àdúgbò Jamaica nítòsí wa, ó ń pè mí ní àbúrò. Mo jẹ máńgòrò náà, ẹ̀yin ará. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún lá ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ àpéjọ àwọn ará Hungary, Joanna bọ́ sáàárín gbọ̀ngàn. Ìgò orí rẹ̀ kò mì. Gòjé dún, orúnkún rẹ̀ nà sókè. Bàbá arúgbó kan fọwọ́ bo ẹnu. Màmá Ilona yíjú sí mi: “Ìwọ lo kọ́ ọ léyìí?” Àyè ṣì wà níbẹ̀ láti sọ òótọ́. Mo ní, “Rárá o, Màmá. Tiyín ni mo kọ́ ọ. Mo fi èkejì hàn án kí ó lè sá fún un, òun ló ní ìyẹn dùn ún wò jù.” Ojú rẹ̀ kú kí òun fúnra rẹ̀ tó kú. “Gbé mi lọ sílé.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Joanna wá kanlẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀mejì, Màmá ní òun kò fẹ́ rí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbórí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó ní, “Ta nìyẹn? Ṣé Joanna ni? Jẹ́ kó wọlé.” Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún Joanna pé Màmá ní kó má wá mọ́. Mo padà, mo ní, “Ẹni tó mú lẹ́tà wá ni, Màmá.” Ó ní, “Áà.” Ọjọ́ kejì ló kú. Níbi ìsìnkú, Joanna dì mọ́ mi, ó fún mi ní bàtà náà: “Èmi kọ́ ló yẹ. Ìwọ lo tọ́jú rẹ̀.” Ó bá mi lẹ́sẹ̀ mu bí ẹni pé wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi rán an.

Sátidé tó kọjá, Joanna ní kí n wá wo nǹkan. Ó kó ọmọdé mọ́kànlá jọ, ó gbé ìgò oníke lé wọn lórí. “Ijó ìyá mi àgbà nìyí,” ó ń wí, gbogbo orúnkún kékeré wọ̀nyẹn sì ń nà sókè. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé ijó òdìkejì odò ni. Ó rí mi: “Ẹ wò ó! Ẹni tó kọ́ mi nìyí!” Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé ìgò lé mi lórí. Mo bá wọn jó o. Mo wọ bàtà Màmá Ilona, mo jó ijó àwọn tó sun ilé bàbá rẹ̀.

Mo ti ka ìwé yìí fún ìyá mi. Ó ní, “Ìníọlá? Ìwọ?” Sátidé yìí, mò ń gbé bàtà náà padà fún Joanna, màá sì sọ ohun tí Màmá wí nígbà tó gbọ́ ilẹ̀kùn. Bó bá gbá mi létí, ó tọ́. Bó bá jẹ́ kí n dúró, màá ní kó tẹ orúnkún rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń pè ní ọmọ jẹ́jẹ́, ẹ bẹ̀rù ara yín: ẹni tó bá ń fetí sí àgbà dáadáa ló mọ ibi tí ọ̀bẹ yóò ti wọlé.